Ìmúra De Odò: Ìrìn Àjò Ìpẹja Nígbà Ìrúwé ní Etí Òkun Washington

Bí oníṣòwò kan bá fẹ́ lọ sí ọjà òkèèrè, kì í ṣe ẹrù nìkan ni ó ń dì. Yóò bèèrè ọjọ́ tí wọ́n ń ná ọjà náà, yóò bèèrè bí ọ̀nà ti rí, yóò sì bèèrè ẹni tí ó ni ilẹ̀ tí òun yóò là kọjá. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó yẹ kí ó rí pẹ̀lú ẹni tí ó bá fẹ́ lọ pẹja nígbà ìrúwé ní àwọn odò etí òkun ìpínlẹ̀ Washington, ní ìhà àríwá ìwọ̀ oòrùn ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ni ó ń ná owó gọbọi sí ìrìn àjò yìí, tí ó sì ń padà sí ilé láìrí ohun mìíràn ju omi pípọ́n lọ. Kì í ṣe àìmọ ọ̀pá jù ni ó ń fa èyí, bí kò ṣe àìmọ ìmúra. Nítorí pé àwọn ọmọ wa pọ̀ ní Amẹ́ríkà lónìí, tí eré ìdárayá ibẹ̀ sì ń wọ̀ wọ́n lára, a rò pé kò burú bí a bá la ọ̀rọ̀ náà yé ara wa.

Ìpẹja tí à ń sọ yìí kì í ṣe ti àwọ̀n, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti ìwọ̀ tí a fi ekòló sí lẹ́nu. Ìyẹ́ adìyẹ, irun ẹran àti òwú aláràbarà ni a fi ń wé ara ìwọ̀ kékeré, títí yóò fi jọ kòkòrò tàbí ẹja wẹ́wẹ́. Nítorí pé irú ìdẹ bẹ́ẹ̀ fúyẹ́, kò lè fa okùn lọ sí ibi kankan. Okùn fúnra rẹ̀ ni a ṣe kí ó wúwo. Okùn ni apẹja ń fi ọ̀pá jù, ìdẹ a sì tẹ̀ lé e. Ní àwọn odò ńlá, ọ̀pá ọlọ́wọ́ méjì tí gígùn rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 12 tàbí 13 ni púpọ̀ nínú wọn ń lò; ọgbọ́n jíjù rẹ̀ ti odò Spey ní ilẹ̀ Scotland wá. Apẹja yóò ju okùn sọdá omi, yóò jẹ́ kí ìṣàn omi gbé e yípo wá sí etí bèbè, yóò sún ẹsẹ̀ méjì sí ìsàlẹ̀ odò, yóò sì tún un ṣe. Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́ kí ẹja má fọwọ́ kàn án.

Ilẹ̀ tí àwọn odò náà wà ni a ń pè ní Olympic Peninsula, ilẹ̀ tí omi yí ká ní ìhà mẹ́ta. Òkè Olympus wà ní àárín rẹ̀, gíga rẹ̀ sún mọ́ ẹsẹ̀ bàtà 8,000, yìnyín kì í sì í tán ní orí rẹ̀ láti ọdún dé ọdún. Òjò ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ní igbó kìjikìji odò Hoh, òjò tí ń rọ̀ ní ọdún kan tó ẹsẹ̀ bàtà 12, bí a bá gbà á sí ojú kan. Odò Hoh ń ti inú yìnyín òkè wá. Odò Sol Duc àti odò Bogachiel pàdé, wọ́n sì di odò Quillayute, èyí tí ó wọ òkun ní La Push. Odò Queets àti odò Quinault wà ní ìhà gúúsù. Ìlú kékeré tí àwọn apẹja ń wọ̀ sí jù ni Forks, ó sì ju wákàtí mẹ́ta lọ nínú mọ́tò láti Seattle.

Ẹja tí ó ń fa ènìyàn lọ sí ibẹ̀ ni a ń pè ní steelhead. Inú odò ni ó ti ń yọ láti inú ẹyin, yóò sì gbé ibẹ̀ fún ọdún kan títí di mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ni yóò sọ̀kalẹ̀ lọ sí òkun Pàsífíìkì, tí yóò jẹun tí yóò sì dàgbà níbẹ̀ fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta, kí ó tó padà wá yé ẹyin ní odò tí a ti bí i. Àwọn ẹja salmon òkun náà a máa kú lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yé ẹyin tán, ṣùgbọ́n steelhead lè yè é, kí ó padà sí òkun, kí ó sì tún wá ní ọdún mìíràn. Èyí tí ó wọn pọ́n-ùn 8 tàbí 10 kì í ṣe ohun ìyanu. Àwọn mìíràn a máa kọjá pọ́n-ùn 20. Ní ọdún 1969 ni ìpínlẹ̀ Washington fi í ṣe ẹja àmì ìpínlẹ̀ náà. Àwọn tí ìjọba sìn tí ó sì tú sí odò ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ wọlé nínú òtútù. Àwọn ẹja ìbílẹ̀ odò, tí wọ́n tóbi jù, ni ó ń wọlé títí di oṣù kẹta àti oṣù kẹrin. Nítorí wọn ni ìgbà ìrúwé fi ní òkìkí.

Nísisìyí, kí ni ìmúra? Èkíní ni ti omi. Ẹni tí ó bá ti inú ilé mú ọjọ́ kan ṣoṣo, tí ó sì mú odò kan ṣoṣo, ó ti fi owó rẹ̀ ta tẹ́tẹ́. Òjò ọ̀sán kan tó láti sọ odò di pípọ́n tí ìdẹ kò ní hàn sí ẹja nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn odò náà kì í mọ́ ní ọjọ́ kan náà. Sol Duc, tí yìnyín òkè kì í bọ́ ọ, a máa tètè mọ́; Hoh a máa pẹ́, nítorí pé bí oòrùn bá mú, yìnyín tí ń yọ́ yóò da ìyẹ̀fun òkúta sínú rẹ̀, omi rẹ̀ yóò sì dà bí omi ògì. Ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ní ilé iṣẹ́ kan, U.S. Geological Survey, tí ó ri ẹ̀rọ ìwọnmi mọ́ etí odò púpọ̀. Ẹnikẹ́ni lè wo iye omi tí ń kọjá níbẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ó tó kúrò ní ilé. Ọlọ́gbọ́n a máa wò ó fún ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Omi tí ó ti kún tí ó sì ń fà ni ó dára jù, nítorí pé ẹja a máa gòkè nínú rẹ̀.

Èkejì ni ti ìwé àṣẹ. Ní Washington, ọdún ìwé àṣẹ ìpẹja kì í bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ni ó ń bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ 31 oṣù kẹta ni ó sì ń parí. Ẹni tí ó bá ra ìwé ọdún kan, tí ó sì lọ ní ìparí oṣù kẹta, kí ó mọ̀ pé ìwé náà yóò kú mọ́ ọn lọ́wọ́ bí oṣù bá yí. Òfin inú Olympic National Park, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1938, yàtọ̀ sí òfin ìpínlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni odò kan náà lè la àwọn méjèèjì kọjá. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, òfin a máa yípadà. Ní oṣù kejìlá ọdún 2020, ìjọba ìpínlẹ̀ kéde pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pẹja láti inú ọkọ̀ ní àwọn odò etí òkun ní àkókò náà. Ní ọdún 2022, wọ́n ti ìpẹja steelhead pa ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta, nítorí pé ẹja tí ó padà kéré. Ẹni tí ó ti san owó ilé èrò sílẹ̀ fún oṣù náà, omi ni owó rẹ̀ bá lọ. Nítorí náà, ilé tí yóò dá owó padà ni kí a gbà, àní bí ó bá wọ́n díẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ti àwọn onílẹ̀. Kí òyìnbó tó dé ni àwọn Quileute, Hoh, Quinault àti Klallam ti ń jẹ nínú àwọn odò wọ̀nyí. Nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà gba ilẹ̀ wọn láàrín ọdún 1854 sí 1856, ó kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé ẹ̀tọ́ wọn láti pẹja kò bọ́. Wọ́n jà fún un títí di ọdún 1974, tí Adájọ́ George Boldt fi dájọ́ pé ìdajì ẹja tí ó tọ́ láti mú jẹ́ tiwọn. Ilé ẹjọ́ gíga jùlọ sì fi ọwọ́ sí i ní ọdún 1979. Bí àlejò bá rí àwọ̀n wọn nínú odò, kí ó má ṣe bínú. Kí ó má sì ṣe wọ ilẹ̀ wọn láìgba àṣẹ.

Ẹ̀kẹrin: ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bí gbogbo odò ìwọ̀ oòrùn bá kún lẹ́ẹ̀kan náà, kí apẹja má ṣe jókòó máa ka ìka ní ilé èrò. Ní ìlà oòrùn ilẹ̀ náà ni omi iyọ̀ Hood Canal wà. Nígbà ìrúwé, àwọn ọmọ ẹja chum a máa sọ̀kalẹ̀ láti inú odò wá sí etí omi yìí, ẹja cutthroat a sì máa wá jẹ wọ́n ní ibi tí omi kò jìn. Ọ̀pá kékeré àti ìdẹ tí ó jọ ọmọ ẹja tó fún iṣẹ́ náà. Ìkún àti ìfà òkun ni kí a wò níbẹ̀. Cutthroat inú omi iyọ̀ náà, dídá padà ni òfin wí.

Nísisìyí ni a dé ibi tí ọ̀rọ̀ gbé wúwo. Ẹja ìgbà ìrúwé kò wá fún eré; ẹyin ni ó wá yé, wọn kò sì pọ̀ tó ti àtijọ́ mọ́. Òfin kò gbà kí a mú steelhead ìbílẹ̀ lọ sí ilé, kò sì gbà kí a gbé e kúrò nínú omi pátápátá. Èyí tí ìjọba sìn ni a lè mú níbi tí òfin bá yọ̀ǹda. A ti gé lẹbẹ kékeré tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ nítòsí ìrù. Ìwọ̀ ẹlẹ́nu kan tí kò ní ẹ̀gún ni kí a lò, kí a sì tètè fa ẹja wọlé kí ó má bàa rẹ̀ kọjá agbára. Abo ẹja a máa fi ìrù gbẹ́ kòtò sí àárín òkúta wẹ́wẹ́, ibẹ̀ a sì mọ́ ju àyíká rẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá tẹ ibẹ̀, ó ti tẹ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyin pa. Ṣòkòtò rọ́bà tí ó dé àyà pọn dandan, ṣùgbọ́n kí a de ìgbànú mọ́ ọn, kí a sì mú ọ̀pá ìtilẹ̀ lọ́wọ́, nítorí pé omi yìnyín kì í fún ẹni tí ó ṣubú ní àyè púpọ̀.

Àwọn kan ń wí pé kí a má ṣe pẹja rárá ní àkókò yìí. A kò fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà. Èrò tiwa ni pé, níbi tí àwọn tí ń ka ẹja bá ti ṣí odò sílẹ̀, kí ènìyàn lọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti mú ẹyọ kan tí ó sì tú u sílẹ̀, kí ó ká okùn rẹ̀ fún ọjọ́ náà. Odò lè san án padà bí a bá fi í sílẹ̀. Ní odò Elwha, ní àríwá ilẹ̀ kan náà, ìsédò méjì ti dí ọ̀nà ẹja fún nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún. Láti ọdún 2011 sí 2014 ni wọ́n wó àwọn méjèèjì, àwọn ẹja sì tún gòkè lọ sí ibi tí àwọn baba ńlá wọn ti ń yé ẹyin.

Nítorí náà, ẹni tí ó ń múra, kí ó mú odò mẹ́ta dípò ẹyọ kan, kí ó mú ọjọ́ méje dípò méjì, kí ó ka ìwé òfin lẹ́ẹ̀kan sí i ní alẹ́ tí ó kù ọ̀la, kí ó sì ti pinnu láti ilé pé òun lè padà láìmú ohunkóhun. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Èyí tí a bá fi agbára mú ni ó ń le koko.