Ìyá àgbà ṣubú, ìbàdí kán: ṣé ọjọ́ orí tó láti kọ iṣẹ́ abẹ?

Ní Isuada, nítòsí Ọ̀wọ̀, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, bíi ti ìlú gbogbo, ilẹ̀ tó ń yọ̀ lẹ́yìnkùlé ti tó láti gbé àgbàlagbà ṣubú. Bí kò bá lè dìde mọ́, tí ẹsẹ̀ kan kúrú ju èkejì, tí ẹsẹ̀ náà sì kọjú síta, ó ṣeé ṣe kí eegun ìbàdí ti kán. Lójú ẹsẹ̀, àwọn ẹbí á ní màmá ti dàgbà kọjá ẹni tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ abẹ fún, kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń to eegun.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbé apá àti ojúgun tó kán lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń to eegun. Ti ìbàdí yàtọ̀. Inú ẹran ló wà, igi àti aṣọ kò lè dì í mú. Ohun tó sì sábà ń pa àgbàlagbà kì í ṣe eegun tó kán, ìdùbúlẹ̀ ọjọ́ pípẹ́ ni: àrùn á wọ ẹ̀dọ̀fóró, ẹ̀yìn á dá egbò, ẹ̀jẹ̀ á dì nínú iṣan ẹsẹ̀. Ìdí nìyí tí ìlànà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ní kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ náà lọ́jọ́ tí aláìsàn dé ilé ìwòsàn tàbí lọ́jọ́ kejì.

Ibi tí eegun ti kán ló ń sọ irú iṣẹ́ abẹ tí wọ́n máa ṣe. Bó bá jẹ́ ọrùn eegun itan ló kán, tó sì ti yẹ̀ kúrò láàyè rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ orí eegun lè já, kó má jinná mọ́ bí wọ́n bá kàn tò ó. Dókítà á yọ orí eegun náà, á fi irin rọ́pò rẹ̀. Austin Moore, dókítà ọmọ Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀ lọ́dún 1940. Irin kan ṣì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ dòní. Ẹni tó ṣì ń dá rìn lọ sóko ni wọ́n lè pààrọ̀ oríkèé náà fún pátápátá, àti orí eegun àti ihò rẹ̀, iṣẹ́ tí John Charnley fìdí rẹ̀ múlẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1962. Fún ẹni tí ara rẹ̀ kò gbé e, ìdajì yẹn tó. Kì í pẹ́ tó ti odindi.

Bó bá jẹ́ ìsàlẹ̀ ọrùn náà ló kán, wọn kì í sábà yọ orí eegun. Ọ̀pá irin tí wọ́n tì bọ inú eegun, tàbí irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ìṣó dè mọ́ ọn, ló ń so ó pọ̀. Ẹni tó ń bẹ̀rù oorun iṣẹ́ abẹ lè béèrè abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn, tí ojú rẹ̀ á là sílẹ̀.

Àwọn kan wà tí iṣẹ́ abẹ kò yẹ fún lóòótọ́. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní Netherlands ní 2022, nínú àwọn arúgbó 172 tí wọ́n ti di hẹ́gẹhẹ̀gẹ kí wọ́n tó ṣubú, 88 ló yàn láti má ṣe é. Ọ̀pọ̀ jù lọ wọn kú láàárín oṣù kan, àmọ́ oògùn ìrora wà, dókítà àti ẹbí sì ti jọ sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe ẹgbẹ́ kí wọ́n tẹ́ màmá sórí ẹní, kó máa ké.

Isuada kò jìnnà sí ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tó wà l'Ọ́wọ̀, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní FMC. Kí wọ́n má fa ẹsẹ̀ náà, kí wọ́n má gbé e nàró. Orí pákó tó tẹ́jú ni kí wọ́n gbé e sí. Owó irin ló sábà ń dá nǹkan dúró, nítorí náà kí wọ́n béèrè iye rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá dé, kí ìpàdé ẹbí má baà gba odindi ọ̀sẹ̀.