Bí ilẹ̀ bá mì nínú ẹ̀rọ

Ẹ̀rọ mìíràn wà tí ń ṣiṣẹ́ dáadáa nígbà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n tí ń ṣìwà hù nígbà tí iṣẹ́ bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Nọ́ńbà tí ó ń fi hàn á yí padà. Á kú, á sì tún tan fúnra rẹ̀. Láti Àjàṣẹ́ títí dé Kétu àti Sábẹ, kò sí atúnṣe tí kò tíì pàdé irú rẹ̀. Ó wo bátìrì, bátìrì dára. Ó wo wáyà, wáyà kò já. Ó pààrọ̀ ẹ̀yà olówó iyebíye kan, àìsàn náà kò lọ. Owó oníbàárà ti bá a lọ. Nígbà mìíràn, kò sí ẹ̀yà kankan tí ó bàjẹ́. Ọ̀nà tí iná ń gbà padà ni ó ní wàhálà.

Iná ń lọ, iná ń bọ̀

Iná mànàmáná kì í wọ inú ẹ̀rọ kí ó dúró síbẹ̀. Ó ní ọ̀nà àlọ, ó sì ní ọ̀nà àbọ̀. Ọ̀nà àbọ̀ ni àwọn tí ó kọ́ṣẹ́ ní èdè Faransé ń pè ní masse. Ní Yorùbá, a lè pè é ní ilẹ̀, nítorí láti orí rẹ̀ ni ẹ̀rọ ti ń wọn bí iná ti ga tó.

Nínú fóònù, kọ̀ǹpútà àti òṣùwọ̀n oníná, àwọn ẹ̀yà dúdú pẹlẹbẹ kan wà tí wọ́n ní ẹsẹ̀ púpọ̀ bí ọ̀kùn. Circuit intégré ni Faransé ń pè wọ́n. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni ọ̀pọ̀ nínú wọn gbọ́: òdo àti ení. Bí iná bá wà nílẹ̀, òdo ni. Bí iná bá ga, ení ni. Nínú ìran ẹ̀yà kan tí wọ́n ń pè ní TTL, tí ń lo fólítì 5, iná tí kò bá ju fólítì 0,8 lọ jẹ́ òdo. Èyí tí ó bá tó fólítì 2 jẹ́ ení. Èyí tí ó bá bọ́ sí àárín, kò sí ẹni tí ó lè sọ bí ẹ̀yà náà yóò ṣe kà á.

Ilé mẹ́jọ, gọ́tà kan

Ká ní ilé mẹ́jọ wà nínú agboolé kan, tí gbogbo wọn ń da omi sí gọ́tà tóóró kan ṣoṣo. Bí ilé kan bá da omi, omi á lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí ilé méje bá da omi garawa kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan náà, gọ́tà á kún. Omi á padà sẹ́yìn, á wọ àgbàlá ilé kẹjọ tí kò da ohunkóhun. Ẹni tí ó bá wo àgbàlá náà á rò pé onílé ni ó da omi síbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó rí nínú ẹ̀yà dúdú. Bí ẹsẹ̀ méje bá ti ení bọ́ sí òdo lẹ́ẹ̀kan náà, iná gbogbo wọn á ya sí ẹsẹ̀ ilẹ̀ kan ṣoṣo. Irin tóóró ni ẹsẹ̀ náà, kì í sì í jẹ́ kí iná yí padà lójijì. Ilẹ̀ á gbéra sókè. Ó lè ju fólítì 1 lọ. Ẹsẹ̀ kẹjọ tí ó dákẹ́ sí òdo á gbéra pẹ̀lú rẹ̀, ẹ̀yà tí ń gbọ́ ọ á sì rò pé ení ni ó wí. Kí a gé ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà bílíọ̀nù kan: ègé díẹ̀ nínú rẹ̀ ni gbogbo èyí ń gbà. Ṣùgbọ́n ó tó láti ba ìṣirò jẹ́.

Kì í ṣe bí iná ti pọ̀ tó nìkan ni ó ń fà á, bí kò ṣe bí ó ti yára tó. Omi kan náà, bí a bá rọra dà á, gọ́tà á gbà á.

Àríyànjiyàn àwọn aṣẹ̀dá

Fún ìgbà pípẹ́, nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ẹlẹ́sẹ̀ 14, ẹsẹ̀ 7 ni ilẹ̀, ẹsẹ̀ 14 sì ni iná ń gbà wọlé. Igun ni àwọn méjèèjì wà, níbi tí ó jìnnà jù sí àárín. Nígbà tí ẹ̀yà ń rọra ṣiṣẹ́, kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ṣùgbọ́n ní àwọn ọdún 1980, ẹ̀yà ayára jáde, ilẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ilé iṣẹ́ Texas Instruments ti Amẹ́ríkà gbé ẹsẹ̀ ilẹ̀ wá sí àárín, ó sì sọ ọ́ di púpọ̀. Àwọn mìíràn kọ̀, nítorí pé ẹ̀yà tuntun kò ní lè wọ ojú ihò àtijọ́ mọ́. Wọ́n fi ẹsẹ̀ sílẹ̀ ní igun, wọ́n sì wá ọ̀nà tí iná yóò fi máa rọra yí padà.

Àmù ẹ̀yìn ilé

Ìyá tí ilé rẹ̀ jìnnà sí odò kì í dúró kí òùngbẹ gbẹ ọmọ kí ó tó lọ pọnmi. Omi ti wà nínú àmù. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀yà dúdú kọ̀ọ̀kan, ẹ̀yà kékeré kan wà tí ń ṣe iṣẹ́ àmù: condensateur. Bí ẹ̀yà dúdú bá nílò iná lójijì, ibẹ̀ ni ó ti ń mu ún. A sábà máa ń rí 104 lára rẹ̀. Kì í ṣe mẹ́rin lé lọ́gọ́rùn-ún ni a ń kà á. 10 ni, tí a fi òdo mẹ́rin tẹ̀ lé: 100 000 pikofarad.

Àmù yìí kò lè wo gbogbo àìsàn ilẹ̀ sàn, ṣùgbọ́n ó ń dín ariwo iná kù púpọ̀. Nítorí náà, kí atúnṣe má ṣe yọ ọ́ dànù nítorí pé ẹ̀rọ ṣì ń tan láìsí i. Kí ó má ṣe fi wáyà gígùn gbé e jìnnà; àmù tí ó wà ní àdúgbò kejì kò wúlò fún ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ. Bí ọ̀nà ilẹ̀ tí ó fẹ̀ bá já, kí ó má ṣe fi wáyà tín-ínrín kan dípò rẹ̀. Kí ó má sì rò pé ẹ̀yà tí ó yára jù ni ó dára jù.

Lákòótán, kí ó tó dá ẹ̀rọ padà fún oníbàárà, kí ó jẹ́ kí gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ ṣiṣẹ́ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìgbà tí gbogbo ilé bá da omi pọ̀ ni a ń mọ gọ́tà tí ó tó.