Àjọṣe Àwọn Sẹ́ẹ̀lì inú Tàírọ́ìdì: Ohun tí Gẹ̀gẹ̀ ń Sọ fún Wa



Ẹni tí ó bá gba ọjà Àgbàdo kọjá yóò rí gààrí, yóò sì rí iyọ̀. Ohun méjèèjì yìí kan ọ̀rọ̀ wa lónìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọrùn ènìyàn ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Gbogbo wa ni a mọ gẹ̀gẹ̀. Àwọn kan kà á sí àfiṣe, àwọn mìíràn kà á sí àbùkù ìdílé. Ohun tí mo fẹ́ fi yé wa ni pé, ní ọ̀pọ̀ ìgbà, akitiyan ni gẹ̀gẹ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀: oríṣiríṣi sẹ́ẹ̀lì tí ń gbé pọ̀ lójú kan ni wọ́n fọwọ́ sowọ́ pọ̀ láti fi díẹ̀ ṣe púpọ̀. Ẹni tí ó bá mọ bí wọ́n ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ ni yóò mọ ìgbà tí ìrànlọ́wọ́ lè wúlò fún onígẹ̀gẹ̀.

1. Àwọn ará ilé

Tàírọ́ìdì ni ẹran kékeré tí ó wà níwájú ọ̀nà èémí, ní ìsàlẹ̀ gògóńgò. Ó rí bí labalábá tí ó na ìyẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Bí a bá fi máíkíróskóòpù wò ó, a ó rí i pé ó kún fún àwọn nǹkan róbótó kéékèèké. Ẹ jẹ́ kí a pè wọ́n ní agbè. Ògiri agbè kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìpele sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ sì ki bí àtè.

Àwọn sẹ́ẹ̀lì alágbè yìí ni ó ń fa àyódíìnì láti inú ẹ̀jẹ̀, títí èyí tí ó wà lọ́dọ̀ wọn yóò fi tó nǹkan bí ìlọ́po 30 ti inú ẹ̀jẹ̀. Wọn a so ó mọ́ pùròtéènì kan tí a ń pè ní thyroglobulin, wọn a sì tọ́jú rẹ̀ sínú agbè. Nígbà tí ara bá nílò rẹ̀, wọn a gé họ́mọ́ọ̀nù jáde lára rẹ̀: T4, tí ó ní àyódíìnì 4, àti T3, tí ó ní 3. Àká yìí lè tó ara lò fún oṣù 2 sí 3. Àwọn họ́mọ́ọ̀nù náà ni ó ń darí bí ara ti ń lo oúnjẹ, bí ọkàn ti ń lù, àti bí ọpọlọ ọmọ inú oyún ti ń dàgbà.

Láàárín agbè àti agbè ni irú sẹ́ẹ̀lì kejì wà. Wọn kò pọ̀ rárá. Nonidez ṣàpèjúwe wọn ní 1932. Pearse sì sọ wọ́n ní sẹ́ẹ̀lì C ní 1966, nítorí pé àwọn ni ó ń ṣe calcitonin, họ́mọ́ọ̀nù tí ó ń dín kálísíọ́ọ̀mù kù nínú ẹ̀jẹ̀. Lára ẹyẹ àti ẹja, ọ̀tọ̀ ni ibùgbé wọn. Lára àwọn ẹranko tí ń fún ọmọ lọ́mú ni wọ́n ti di ayálégbé nínú tàírọ́ìdì. Ayálégbé yìí kò yadi: ó tún ń ṣe somatostatin, èyí tí ó lè dá sẹ́ẹ̀lì alágbè lọ́wọ́ kọ́.

Irú kẹta ni sẹ́ẹ̀lì ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀. Kò sí agbè kan tí iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín kò yí ká bí àwọ̀n. Irú kẹrin ni àwọn tí ń hun okùn tí ó di agbè pọ̀. Ìkarùn-ún ni àwọn ọmọ ogun ara tí ń ṣọ́ ilé.

2. Bí wọ́n ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀

Ọ̀gá wọn wà lókèèrè. Kókó kan ní ìsàlẹ̀ ọpọlọ ni ó ń rán họ́mọ́ọ̀nù TSH sí tàírọ́ìdì. Bí T4 àti T3 bá kéré nínú ẹ̀jẹ̀, TSH a pọ̀ sí i. Bí wọ́n bá pọ̀, TSH a dín kù. Ṣùgbọ́n ìwádìí lára eku fi hàn pé bí àyódíìnì bá wọ́n, sẹ́ẹ̀lì alágbè kì í dúró de àṣẹ ọ̀gá. Ó ń ránṣẹ́ sí iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ó múlé tì í. VEGF ni orúkọ ìránṣẹ́ náà. Iṣan ẹ̀jẹ̀ a fẹ̀, ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ a máa ṣàn kọjá, ìwọ̀nba àyódíìnì tí ó wà nínú rẹ̀ a sì lè tẹ sẹ́ẹ̀lì alágbè lọ́wọ́. Lẹ́yìn èyí ni àṣẹ TSH ń le sí i, tí sẹ́ẹ̀lì alágbè ń tóbi, tí wọ́n sì ń pọ̀ sí i. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà: agbè àti iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ó yí i ká ń ṣiṣẹ́ bí ẹyọ kan. Akitiyan wọn ni ojú wa ń rí ní ọrùn.

3. Gẹ̀gẹ̀ ní ilẹ̀ wa

Ní 1967, O. L. Ekpechi tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde lórí gẹ̀gẹ̀ ní ìlà-oòrùn Nàìjíríà, ó sì tọ́ka sí ẹ̀gẹ́ gbígbẹ tí a kò jẹ́ kí ó kan kí a tó jẹ ẹ́. Oró sáyánáìdì inú ẹ̀gẹ́ ni ara ń sọ di thiocyanate. Ohun yìí sì ń du ẹnu ọ̀nà sẹ́ẹ̀lì alágbè mọ́ àyódíìnì lọ́wọ́. Rírin ẹ̀gẹ́, jíjẹ́ kí ó kan, fífún omi rẹ̀ àti yíyan án ń lé oró náà lọ. Ìkánjú ni ó ń ba gààrí jẹ́. Ní 1993 ni Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ètò fífi àyódíìnì kún iyọ̀.

Síbẹ̀, iyọ̀ kò lè tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Gẹ̀gẹ̀ tí kò tíì pẹ́ lè fà sẹ́yìn bí àyódíìnì bá dé. Bí àìní bá pẹ́ ní ọ̀pọ̀ ọdún, àjọṣe àwọn sẹ́ẹ̀lì a bàjẹ́: àwọn agbè kan a di kókó, okùn tí a hun a ki mọ́ wọn lára, àwọn kókó mìíràn kò sì ní gbọ́ àṣẹ TSH mọ́. Bí àyódíìnì bá dé bá irú kókó bẹ́ẹ̀ lójijì, ó lè tú họ́mọ́ọ̀nù jáde ní àpọ̀jù. Àyà onítọ̀hún a máa lù kìkì, a sì máa rù. Nítorí náà, kí àgbàlagbà tí gẹ̀gẹ̀ rẹ̀ ti pẹ́ má ṣe ra oògùn àyódíìnì lò fúnra rẹ̀. Dókítà ni kí ó tọ̀ lọ. Kì í sì í ṣe gbogbo gẹ̀gẹ̀ ni ti àìní. Ní 1912, Hakaru Hashimoto ti ilẹ̀ Japan ṣàpèjúwe tàírọ́ìdì tí àwọn ọmọ ogun ara ti kún bò. Lẹ́yìn náà ni a wá mọ̀ pé ará ilé wọn ni wọ́n ń bá jà.

Aláboyún ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù lọ, nítorí pé họ́mọ́ọ̀nù rẹ̀ ni ọmọ inú rẹ̀ gbójú lé ní oṣù ìbẹ̀rẹ̀. Àyódíìnì máíkírógíráàmù 250 lójúmọ́ ni Àjọ Ìlera Àgbáyé là sílẹ̀ fún un. 150 tó àgbàlagbà mìíràn. Oòrùn àti ọ̀rinrin ń lé àyódíìnì kúrò nínú iyọ̀. Nítorí náà, kí ìyá tí ń ta iyọ̀ ní Àgbàdo má ṣe ṣí i sílẹ̀ nínú oòrùn, kí ẹni tí ó rà á sì dé e dáadáa nílé. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tí a kò fojú rí ń ṣe ipa tiwọn. Ó ku ipa tiwa, kí ó má baà pẹ́ jù.