Ẹ JẸ́ KÁ MỌ̀: Ìbọn tó bá ọdẹ mu

Igbó dí ní agbègbè Ọ̀gbẹ̀sẹ̀, lójú ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Ọ̀wọ̀. Bí àgbọ̀nrín bá yọ, kò sí àyè láti máa tún ìbọn gbé. Nítorí náà, ìdí ìbọn gbọ́dọ̀ bá apá àti ọrùn ọdẹ mu.

Ẹ dán an wò nílé. Ẹ yọ ọta, kí ẹ sì tún inú ìbọn wò dájúdájú. Ẹ kọ ẹnu rẹ̀ síbi tí kò séèyàn, ẹ dijú, ẹ gbé e lé èjìká, kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ fara ti igi rẹ̀. Ẹ lajú. Bí ẹ bá ń rí gbogbo orí ọ̀pá ìbọn, ọta yóò gba òkè; bí ẹ kò bá rí kókó ẹnu rẹ̀, yóò gba ìsàlẹ̀. Ojú yín gan-an ni atọ́nà ẹ̀yìn, tí a fi ń wo ibi tí ọta yóò gbà.

Kókó ẹnu ìbọn yẹn tó fún ọta wẹ́wẹ́. Ọta ẹyọ kan ló nílò atọ́nà iwájú àti ẹ̀yìn. Awò tó ń fa ohun jíjìn súnmọ́ kò wúlò nínú igbó dídí.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má yìnbọn sí ewé tó kàn mì: olóko lè wà níbẹ̀. Òfin ìbọn ọdún 1959 sì ní kí ẹ gba ìwé àṣẹ.