Lẹ́tà VA Kọ́ Ni Òpin Ọ̀rọ̀: Bí Ṣọ́jà Amẹ́ríkà Ṣe Lè Pe Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn

Àwọn ọmọ Yorùbá wà nínú iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà. Bí kì í bá ṣe ẹ̀yin, ó lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n yín kan. Tiwọn la fẹ́ sọ lónìí.

Tí ṣọ́jà bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́, VA, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó àwọn tó ti kúrò nínú iṣẹ́ ológun, á díwọ̀n ìpalára náà láti 0 dé 100, ní mẹ́wàá-mẹ́wàá. Bó bá ṣe ga tó ni owó oṣooṣù ṣe ń pọ̀ tó. Àmọ́ kì í ṣe àròpọ̀ lásán o. Tí wọ́n bá fún ẹ̀yìn ní 50, tí wọ́n fún eékún ní 30, kò ní di 80. Inú 50 tó ṣẹ́kù ni wọ́n ti máa wá ìdá 30 náà. Ó di 65, wọ́n á sún un sí 70.

Tí wọ́n bá wá fún yín ní 10, tí ìrora yín sì ju bẹ́ẹ̀ lọ ńkọ́? Láti oṣù Kejì ọdún 2019, ọ̀nà mẹ́ta ló wà:

1. Supplemental Claim, fọ́ọ̀mù 20-0995: fún ẹni tó ní ẹ̀rí tuntun tó kan ọ̀rọ̀ náà, bí ìwé dókítà.

2. Higher-Level Review, fọ́ọ̀mù 20-0996: òṣìṣẹ́ tó nírìírí jù á tún fáìlì yẹn wò. Kò gba ẹ̀rí tuntun, àmọ́ ẹ lè bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù, kẹ́ ẹ tọ́ka sí àṣìṣe tó wà níbẹ̀.

3. Board Appeal, fọ́ọ̀mù 10182: iwájú adájọ́ ló ń lọ.

Èwo lẹ máa mú? Ẹ ka ìdí tí wọ́n kọ sínú lẹ́tà. Tí wọ́n bá ní kò sí ẹ̀rí pé iṣẹ́ ológun ló fà á, ẹ wá ẹ̀rí, ẹ gba ọ̀nà kìíní. Tí ẹ̀rí bá wà ní fáìlì tẹ́lẹ̀ tí wọ́n gbójú fò ó, ọ̀nà kejì ni.

Ọdún kan péré lẹ ní, láti ọjọ́ tó wà lórí lẹ́tà. Tó bá kọjá, ọ̀nà kejì àti ìkẹta ti tì. Ti àkọ́kọ́ ṣì ṣí, àmọ́ owó ẹ̀yìn tó tọ́ sí yín lè bọ́.

Ibi tó kan àwa Yorùbá jù rèé. VA lè ní kẹ́ ẹ lọ rí dókítà. Dókítà á ní, "Báwo ni ara?" Ẹ̀yin á ní, "A dúpẹ́, ara le." Nílé, ọmọlúàbí ni yín. Níbẹ̀, ó lè wọ inú ìwé pé kò sóhun tó ń ṣe yín. Ẹ má bù mọ́ ọn, ẹ má sì bù kúrò níbẹ̀: ẹ sọ bó ṣe ń rí lọ́jọ́ tó burú jù. Ìyàwó, ọkọ tàbí ẹni tẹ́ ẹ jọ ṣiṣẹ́ ológun náà lè kọ ohun tójú wọn rí.

DAV àti American Legion ní àwọn tó ń ranni lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí ẹni tó kàn lórí WhatsApp. Ó dìgbà kan ná!