Ṣé Òfin Àtijọ́ Le Ju Tiwa Lọ?

Nígbàkigbà tí a bá ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ẹ̀kọ́ Bíbélì, ìbéèrè kan wà tí kì í yẹ̀. Ọmọ kan yóò nawọ́ sókè, yóò ní: "Bàbá, kí ló dé tí òfin Mósè fi le tó báyìí? Ojú fún ojú, sísọ ènìyàn ní òkúta pa. Ṣé ìdájọ́ òdodo nìyẹn?" Àwa tí a jókòó sórí àga ilé-ẹ̀kọ́ yìí ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn bi àwọn olùkọ́ wa ní ìbéèrè kan náà. Ní àkókò àjọ̀dún yìí, a fẹ́ gbìyànjú láti dáhùn, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí àwọn òpópónà tí ó yí wa ká ní Ṣómólú àti Bàríga.

Kí a tó dá òfin àtijọ́ lẹ́jọ́, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ọ̀kan tí ó lókìkí jù lọ ni ti Hammurabi, ọba Bábílónì, tí a kọ ní nǹkan bí ọdún 1750 ṣáájú ìbí Kristi. Láàárín 1901 sí 1902 ni àwọn awalẹ̀pìtàn ará Faransé hú òkúta dúdú gíga tí wọ́n fín in sí jáde ní Susa, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Ìráànì lónìí. Òfin tí wọ́n kà níbẹ̀ jẹ́ 282, òkúta náà sì wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Louvre ní ìlú Párísì. Nínú òfin yìí, bí ọlọ́lá bá fọ́ ojú ọlọ́lá ẹgbẹ́ rẹ̀, a ó fọ́ ojú tirẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá fọ́ ojú mẹ̀kúnnù, fàdákà ni yóò san. Bí ó bá sì jẹ́ ojú ẹrú ni, ìdajì owó ẹrú náà ni yóò san. Ẹni tí ó bá dá ògiri ilé onílé lu láti jalè, iwájú ihò tí ó dá náà ni wọn yóò ti pa á. Bí ilé bá wó pa ọmọ onílé, ọmọ ọ̀mọ̀lé ni wọn yóò pa.

Nígbà tí a bá gbé òfin Mósè sí ẹ̀gbẹ́ èyí, ìyàtọ̀ wọn yóò hàn. Ẹ rántí Lámẹ́kì nínú Jẹ́nẹ́sísì orí kẹrin, ẹni tí ó ń yangàn fún àwọn aya rẹ̀ pé òun pa ọkùnrin kan nítorí pé ó ṣá òun lọ́gbẹ́, àti pé ẹ̀san òun yóò jẹ́ ìlọ́po mẹ́tàdínlọ́gọ́rin. Irú ẹ̀san bẹ́ẹ̀ ni ojú fún ojú wá fi ọgbà yí ká. Ohun tí ó ń sọ ni pé: bí wọ́n bá fọ́ ojú rẹ, o kò gbọdọ̀ gba orí. Ìwọ̀n ni òfin náà, kì í ṣe ìgbóguntì. Ó tún sọ pé òfin kan náà ni fún àlejò àti fún ọmọ onílẹ̀. Bí ọ̀gá bá gbá eyín ẹrú rẹ̀ yọ, ẹrú náà di òmìnira nítorí eyín kan ṣoṣo. A kò gbọdọ̀ pa ọmọ nítorí ẹ̀ṣẹ̀ baba.

Ti olè ni ó yẹ kí ó yà wá lẹ́nu jù. Nínú Ẹ́kísódù orí kejìlélógún, ẹni tí ó jí màlúù, tí ó sì pa á tàbí tà á, yóò fi márùn-ún dípò. Bí a bá bá ẹran náà láàyè lọ́wọ́ rẹ̀, yóò san án ní ìlọ́po méjì. Bí onílé bá lu olè pa níbi tí ó ti ń fọ́lé lóru, kò sí ẹ̀bi lọ́rùn rẹ̀, nítorí òkùnkùn kò jẹ́ kí ó mọ ohun tí ẹni náà bá wá. Ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti là, ẹni tí ó bá pa olè náà ti di apànìyàn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún gbólóhùn yẹn rò.

A kò fẹ́ tan ẹnikẹ́ni jẹ. Òfin Mósè ní ibi tí ó le, tí àwa tí a lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ìjìnlẹ̀ ìsìn pàápàá kì í rọrùn fún láti kà sókè. Wọ́n sọ ẹni tí ó ṣa igi ní ọjọ́ ìsinmi ní òkúta pa. Ọ̀gá tí ó na ẹrú rẹ̀ ní ìnàkúnà bọ́ lọ́wọ́ ìyà bí ẹrú náà kò bá kú lọ́jọ́ náà. A kò lè fi adùn ẹnu bo èyí mọ́lẹ̀. Olúwa wa fúnra rẹ̀ sọ pé nítorí líle ọkàn àwọn ènìyàn ni Mósè ṣe gbà wọ́n láyè láti kọ aya sílẹ̀. A gbà pé ọ̀rọ̀ yẹn kan ohun púpọ̀ mìíràn nínú òfin náà.

Ṣùgbọ́n níbi tí ìjìyà ti le, ọ̀nà tí a fi ń dé ibẹ̀ há gidigidi. A kò lè pa ẹnikẹ́ni lórí ẹ̀rí ẹnìkan. Ẹlẹ́rìí méjì tàbí mẹ́ta ni òfin ń béèrè. Ọwọ́ àwọn ẹlẹ́rìí náà ni ó sì gbọdọ̀ kọ́kọ́ sọ òkúta, kí ẹni tí ó purọ́ lè mọ̀ pé òun ni òun pa á. Ẹlẹ́rìí èké yóò jẹ irú ìyà tí ó fẹ́ kí ẹnìkejì rẹ̀ jẹ. Ẹni tí ó ṣèèṣì pa ènìyàn ní ìlú ààbò mẹ́fà tí ó lè sá lọ, títí yóò fi dúró níwájú ìjọ. Bí ó bá sì jẹ́ ti ẹgba, kò gbọdọ̀ ju ogójì lọ, kí arákùnrin rẹ má baà di ẹni ẹ̀gàn lójú rẹ. Arákùnrin ni òfin ṣì ń pe ẹni tí wọ́n ń nà. Àwọn baba wa náà mọ èyí, nítorí wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kàn wá gan-an. Nígbà tí a wà ní kíláàsì kẹta, a ń ti ilé-ẹ̀kọ́ bọ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kan, a ń gba àárín àwọn ilé ìtẹ̀wé Ṣómólú kọjá, nígbà tí ariwo "Olè! Olè!" sọ. Èrò ti yí ọ̀dọ́mọkùnrin kan ká, ẹ̀jẹ̀ ti bo ojú rẹ̀. Ó ń sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n ariwo kò jẹ́ kí a gbọ́. Àwa náà, pẹ̀lú aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ lọ́rùn, bẹ̀rẹ̀, a mú òkúta, a sì sọ ọ́. Ó bà á ní èjìká. Ó yíjú padà, ó wò wá. Nígbà náà ni bàbá kan jáde láti inú ilé ìtẹ̀wé, tàdáwà wà ní ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó dúró níwájú ọ̀dọ́mọkùnrin náà, ó ní: "Nínú gbogbo yín, nǹkan ta ni ó jí?" Kò sí ẹni tí ó dáhùn. Wọ́n fà á lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Títí di òní, a kò mọ̀ bóyá ó jí nǹkan. A kò rí ohunkóhun, síbẹ̀ a sọ òkúta. Lábẹ́ òfin Mósè tí a ń pè ní òfin líle, ọwọ́ wa kò ní ẹ̀tọ́ sí òkúta yẹn.

Ìjọba pẹ̀lú ti gbìyànjú láti fi ìjìyà líle wo àrùn yìí. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé, ìjọba ológun ṣe òfin ní 1970 tí ó sọ ìdigunjalè di ẹ̀ṣẹ̀ ikú. Ní 1971, wọ́n yìnbọn pa Ìṣọ̀lá Oyenusi àti àwọn mìíràn ní etí òkun Bar Beach ní gbangba, èrò sì rọ́ lọ wò wọ́n. Síbẹ̀, ní 1986, Lawrence Anini kó jìnnìjìnnì bá gbogbo ìlú Benin. Gbígbóná ìjìyà nìkan kò tíì pa olè run.

Ní ti olè jíjà lásán, ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta ni ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí a jogún láti ayé Gẹ̀ẹ́sì là sílẹ̀. Ojú pópó ni ó fi táyà àti epo bẹntiróòlù kún un. Nítorí fóònù kan, wọn a dáná sun ènìyàn ní ọ̀sán gangan, lẹ́yìn tí oòrùn ti là. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2012, ní Aluu nítòsí Port Harcourt, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì mẹ́rin ni èrò lù tí wọ́n sì sun nítorí pé ẹnìkan pè wọ́n ní olè. Ọmọ ẹni ni wọ́n, bí àwọn ọmọ tí à ń rán lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ láti inú ọgbà yìí. Hammurabi pàápàá, pẹ̀lú gbogbo líle rẹ̀, ń mú ọ̀mọ̀lé tí ilé rẹ̀ wó. Ní oṣù Kẹta ọdún 2019, ilé tí ilé-ẹ̀kọ́ ọmọdé wà nínú rẹ̀ wó ní Ìta Fájì, ní Erékùṣù Èkó. A kò tíì gbọ́ rí pé èrò kó táyà jọ nítorí irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò ní olùgbèjà ni ìdájọ́ ojú pópó ń rí mú.

A mọ ohun tí àwọn òbí kan yóò sọ: pé bí a bá mú olè lọ sí àgọ́ lónìí, ọ̀la ni yóò jáde, àti pé ẹjọ́ a máa pẹ́ ní kóòtù. Òótọ́ ni, ìrora ẹni tí wọ́n jà lólè kì í sì í ṣe ohun àfiṣeré. Ṣùgbọ́n bí ọ̀nà ìdájọ́ bá bàjẹ́, títún un ṣe ni iṣẹ́ wa, kì í ṣe pípadà sọ́dọ̀ Lámẹ́kì. Nígbà tí wọ́n mú obìnrin kan wá síwájú Jésù, kò sọ pé kò ṣẹ̀. Ó kàn béèrè ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tó láti kọ́kọ́ sọ òkúta.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ̀yin òbí wa ọ̀wọ́n, bí ẹ bá gbọ́ ariwo olè ní òpópónà yín, ẹ pe 112 tàbí 767. Bí àyè bá sì gbà yín, ẹ béèrè ìbéèrè bàbá atẹ̀wé yẹn. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ yín pé ẹni tí kò rí nǹkan kan kò gbọdọ̀ mú òkúta. Àwa tí a mú un nígbà kan rí ni a ń sọ bẹ́ẹ̀. Kí Ọlọ́run òdodo àti àánú dárí jì wá, kí ó sì bùkún ilé-ẹ̀kọ́ wa. Àmín.