Irú Èsì tí Fọ́ńṣọ̀n Ń Mú Bọ̀

Bí ìyá bá rán ọmọ pé kí ó lọ ra iyọ̀ wá, ìyá náà ti lè gbé ọbẹ̀ ka iná kí ọmọ tó dé. Bí ọmọ bá gbé ṣúgà bọ̀, tí ìyá kò sì tọ́ ọ wò, ọbẹ̀ ọ̀hún di àdàpadé. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ rí nínú ètò tí a ń kọ fún kọ̀ǹpútà. A kì í kọ ètò ńlá ní odindi. A máa ń gé e sí wẹ́wẹ́, a sì ń fún ègé kọ̀ọ̀kan ní orúkọ àti iṣẹ́ tirẹ̀. Irú ègé bẹ́ẹ̀ ni à ń pè ní fọ́ńṣọ̀n. Ẹni tí ó bá fẹ́ lò ó yóò pè é ní orúkọ, yóò fún un ní ohun tí yóò fi ṣiṣẹ́, yóò sì dúró gba èsì.

Nínú èdè kọ̀ǹpútà bíi Python, ìgbà tí ètò bá ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ni kọ̀ǹpútà ń mọ irú èsì tí ó dé. Nínú èdè bíi Java, òǹkọ̀wé gbọ́dọ̀ ti sọ ọ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá kọ ọ́ pé

int gigun(String oro)

ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí a bá fún fọ́ńṣọ̀n yìí ní ọ̀rọ̀ kan, nọ́ńbà odidi ni yóò fún wa padà. Kọ̀ǹpáílà, èyí tí í ṣe ètò tí ń yẹ ohun tí ènìyàn kọ wò tí ó sì ń tú u sí èdè ẹ̀rọ, yóò fi ìlérí yìí wé iṣẹ́ inú fọ́ńṣọ̀n náà. Bí òǹkọ̀wé bá ṣèlérí nọ́ńbà tí ó sì dá ọ̀rọ̀ padà, kọ̀ǹpáílà yóò kọ̀ ọ́. Bí ó bá sọ ohun tí yóò dá padà nígbà tí ọ̀rọ̀ bá gùn, tí ó gbàgbé ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá kúrú, yóò tún kọ̀ ọ́. Fọ́ńṣọ̀n tí kò ní mú ohunkóhun bọ̀ pàápàá gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́: void ni a ó kọ síwájú rẹ̀. Àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ a máa ráhùn nítorí ìyọnu yìí, ṣùgbọ́n àṣìṣe tí a rí lórí tábìlì ẹni sàn ju èyí tí oníbàárà rí lọ.

Síbẹ̀, ihò kan wà lára ògiri yìí, ọ̀mọ̀wé gidi ni ó sì dá a lu. Ní 1965, Tony Hoare, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń ṣe ètò irú ohun tí èdè ALGOL W yóò máa lò. Ó fẹ́ kí kọ̀ǹpáílà lè yẹ gbogbo ìtọ́ka wò láìku ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n ó fi null kún un, ìyẹn òfo tí ó lè dúró ní ipò ohunkóhun tí a ń tọ́ka sí, nítorí pé ó rọrùn láti ṣe. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ èdè ni ó ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn náà, Java sì wà lára wọn. Ní 2009, ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, Hoare fúnra rẹ̀ pè é ní àṣìṣe rẹ̀ tí ó tó bílíọ̀nù dọ́là.

Ọ̀nà tí ó ń gbà ṣọṣẹ́ kò ṣòro láti rí. Fọ́ńṣọ̀n kan ṣèlérí pé òun yóò mú Akẹ́kọ̀ọ́ bọ̀ láti inú ìwé orúkọ. Ó wá a, kò rí i, ó sì dá òfo padà. Kọ̀ǹpáílà kò wí nǹkan kan, nítorí pé òfo lẹ́tọ̀ọ́ láti jókòó níbi tí Akẹ́kọ̀ọ́ bá lè jókòó. Igbá òfìfo ni, ṣùgbọ́n ìdérí wà lórí rẹ̀. Nígbà tí apá mìíràn nínú ètò náà bá ṣí i láti béèrè máàkì akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀hún, iṣẹ́ yóò dẹnu kọlẹ̀ lójijì, bóyá níbi tí ó jìnnà sí ibi tí àṣìṣe ti bẹ̀rẹ̀.

Èdè Haskell, àti Rust tí ẹ̀dà rẹ̀ àkọ́kọ́ tí ó fìdí múlẹ̀ jáde ní 2015, gba ọ̀nà mìíràn. Nínú Rust, fọ́ńṣọ̀n tí ó lè ṣàìrí akẹ́kọ̀ọ́ yóò kọ Option sára irú èsì rẹ̀, èyí tí ó túmọ̀ sí “akẹ́kọ̀ọ́, tàbí kò sí.” Ẹni tí ó pè é kò lè fọwọ́ kan akẹ́kọ̀ọ́ náà láìkọ́kọ́ wá nǹkan ṣe sí ọ̀rọ̀ “kò sí” yìí. Java fi irú rẹ̀, Optional, kún tirẹ̀ ní 2014. Ṣùgbọ́n nítorí pé òfo àtijọ́ kò kúrò nílé, fọ́ńṣọ̀n tí ó ṣèlérí Optional ṣì lè dá null padà, kọ̀ǹpáílà kò sì ní bá a wí.